Ibì kan náà ni ọkọ̀ ń já sí lójú márosẹ̀ nígbàkigbà tí òjò bá rọ̀: ṣé eré ni, àbí ojú títì?

Arìnnà-Àárọ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Lójú márosẹ̀ tí mo máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́, apá kan wà tí títì ti rọra yí sí ọ̀tún. Kì í ṣe kọ́nà tó le, ẹni tó ń wakọ̀ lọ lè má tilẹ̀ mọ̀ pé òun yí nǹkan kan. Bí òjò ńlá bá ti rọ̀ báyìí, ibẹ̀ ni ọkọ̀ máa ń já kúrò lójú títì. Irin ẹ̀gbẹ́ títì tó wà níbẹ̀ wó, wọ́n tún un ṣe, ó tún ti wó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ̀ mẹ́ta ló kọ lu ara wọn níbẹ̀, ẹ̀mí ènìyàn kan sì bá a lọ.

Gbogbo ohun tí mo ń gbọ́ látìgbà náà ni "eré àsápajúdé". Òótọ́ ni pé àwọn ènìyàn ń sáré. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ títì yẹn dé òpin rẹ̀ ni wọ́n ti ń sáré. Kí ló dé tó jẹ́ ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń kú?

Ọwọ́-Sítíárìn

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á tu àwọn ẹbí ẹni tó lọ nínú. Àmọ́ èmi ò lè gbà pé ẹ̀bi títì ni. Omi ò lẹ́sẹ̀, kò lè wá gbé ọkọ̀ ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ ló ń sáré bá a níbi tó wà. Ẹ wo Faransé: òfin wọn ní 130 kìlómítà ní wákàtí kan lójú márosẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ń rọ̀, ó di 110. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Ítálì. Kí ni wọ́n rí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀? Eré ni. Bí gbogbo wa bá dín eré kù lọ́jọ́ òjò, ọ̀rọ̀ parí.

Ẹnjiníà-Ojútítì

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Iṣẹ́ títì ni mo ń ṣe, ọ̀rọ̀ bí omi ṣe ń ṣàn kúrò lójú títì ni mo sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé, nítorí ohun tí Arìnnà-Àárọ̀ sọ yìí kò ṣàjèjì sí wa rárá.

Kò sí títì márosẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Lójú lásán ó lè jọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó dà gẹ̀rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí omi lè ṣàn lọ. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ìdàgẹ̀rẹ́ yìí máa ń tó 2 sí 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ni pé fún mítà kọ̀ọ̀kan tí o bá rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́, ilẹ̀ á ti fi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 2.5 lọ sílẹ̀. Títì onílà mẹ́ta fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 11, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ kan lè fi sẹ̀ǹtímítà 27 rẹlẹ̀ ju èkejì lọ. Ìdàgẹ̀rẹ́ kékeré yẹn ni gbogbo ààbò tí a ní lọ́wọ́ òjò.

Nígbà tí títì bá fẹ́ yí kọ́nà, a máa ń yí ìdàgẹ̀rẹ́ náà padà kí ọkọ̀ má bàa máa fà jáde síta. Ẹ̀gbẹ́ tó wà nísàlẹ̀ á di tòkè, tòkè á di tìsàlẹ̀. Ẹ wá rò ó wò: kí títì tó lè yí láti apá kan sí èkejì, ó di dandan kó gba ibì kan kọjá tí kò dà sí ọ̀tún, tí kò sì dà sí òsì. Ibẹ̀ tẹ́. Bó bá tún lọ jẹ́ pé níbẹ̀ gan-an ni títì kò gun òkè tí kò sì sọ̀ kalẹ̀, omi kò mọ ibi tí yóò gbà mọ́. Ó rogún síbẹ̀ nìyẹn. Omi tó ti ń ṣàn bọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan tẹ́lẹ̀ tún lè ṣẹ́rí padà, kó gba orí títì kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ìdí nìyí tí kọ́nà jẹ́jẹ́, tí awakọ̀ kò ka kún, fi máa ń léwu lọ́jọ́ òjò ju kọ́nà tó le lọ. Kọ́nà tó le, gbogbo ènìyàn á dín eré kù kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Èyí tó rọra yí, kò sẹ́ni tó yọ ẹsẹ̀ lórí tọrótù.

Arìnnà-Àárọ̀, ṣé ní ìbẹ̀rẹ̀ kọ́nà yẹn ni ọkọ̀ ń já, àbí ní àárín rẹ̀?

Arìnnà-Àárọ̀

Ẹ ṣeun gan-an, ẹnjiníà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni, kódà kí títì tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí dáadáa. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu nìyẹn.

Ìyá-Ìbejì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Mo máa ń gbé àwọn ọmọ sẹ́yìn ọkọ̀ lójú márosẹ̀, ẹ̀rù òjò sì máa ń bà mí. Báwo ni ènìyàn ṣe máa mọ̀ pé omi ti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ òun? Kí ni kí n ṣe nígbà náà?

Bàbá-Onítírélà

Ìyá Ìbejì, ìbéèrè gidi lẹ bi. Ọkọ̀ máa ń sọ fún ènìyàn, àfi kí ènìyàn mọ̀ ọ́n gbọ́.

Àkọ́kọ́, sítíárìn á ṣàdédé fúyẹ́ lọ́wọ́ yín, bí ìgbà tí ẹ di okùn mú tí ẹni tó di orí kejì mú jù ú sílẹ̀. Ìkejì, ariwo táyà á yí padà: ẹ ti ń gbọ́ bó ṣe ń fọ́n omi, ìró yẹn á kàn dákẹ́. Ìkẹta, nínú ọkọ̀ tó jẹ́ pé táyà iwájú ló ń fà á, ẹ lè gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì á ké sókè lójijì nígbà tí ọkọ̀ kò sáré sí i. Táyà ti kúrò lórí ilẹ̀ nìyẹn, orí omi ló wà.

Ohun tí ẹ máa ṣe kò pọ̀. Ẹ rọra yọ ẹsẹ̀ lórí tọrótù. Ẹ má tẹ bíréèkì. Ẹ di sítíárìn mú ní ọ̀gangan, kó dojú kọ ibi tí títì ń lọ, kí ẹ sì dúró. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ táyà á tún gbá ilẹ̀ mú.

Èyí tó ń pa ọ̀pọ̀ ni sítíárìn tí wọ́n ń yí nígbà tí ọkọ̀ ń léfòó. Wọ́n á yí i, ọkọ̀ ò dáhùn, wọ́n á tún yí i sí i. Nígbà tí táyà bá wá padà gbá ilẹ̀ mú, ibi tí wọ́n yí i sí ni ọkọ̀ á fò lọ lẹ́ẹ̀kan náà, inú ògiri tàbí iwájú ẹlòmíràn. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó máa sọ ni pé "ọkọ̀ kàn fà mí lọ ni". Kò fà á lọ. Ohun tó ti ní kí ọkọ̀ ṣe tẹ́lẹ̀ ni ọkọ̀ wá ṣe.

Kọ́lá-Ọkọ̀-Tuntun

Ọkọ̀ tèmi ní ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń fà á. Ṣé ìyẹn ò mú ewu náà kúrò?

Bàbá-Onítírélà

Rárá, àbúrò. ABS ń ṣiṣẹ́ nígbà tí táyà bá wà lórí ilẹ̀. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wà lórí omi, kí ni ABS fẹ́ gbá mú? Ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà máa ń jẹ́ kó dùn ún gbéra nínú òjò, èyí sì ń tan awakọ̀ jẹ láti rò pé òun lè dúró bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ̀rọ tó ń di eré ọkọ̀ mú fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ pa á lọ́jọ́ òjò. Ẹsẹ̀ yín ni kó wà nídìí eré, kí ẹ lè tètè mọ̀ ìgbà tí nǹkan yí padà.

Fọganáísà-Àgbà

Mo ti ń dúró kí ẹnìkan dárúkọ táyà.

Ilà tó wà lójú táyà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ọ̀nà omi ni. Táyà ọkọ̀ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé iṣẹ́ dé máa ń ní ilà tó jìn tó nǹkan bíi mìlímítà 8. Nínú omi tó pọ̀, ó ní láti lé ọ̀pọ̀ lítà omi kúrò lábẹ́ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ní kí ilà má kéré sí mìlímítà 1.6. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé òfin ni ìyẹn, kì í ṣe ààbò. Táyà tó wà ní 1.6 bá òfin mu, ṣùgbọ́n nínú omi tó jìn bíi mìlímítà 3 lásán, kò ní ibi tí yóò fi omi sí. Ọ̀pọ̀ àwa tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń sọ pé kí ènìyàn pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti ku 3.

Ohun kejì: bí owó bá tó táyà méjì péré, ẹ̀yìn ni kí ẹ fi tuntun sí, kódà bó jẹ́ pé iwájú ló ń fa ọkọ̀. Àwọn oníbàárà máa ń bá mi jiyàn lórí èyí. Bí iwájú bá kọ́kọ́ yọ̀, ẹ lè rọra yọ ẹsẹ̀ lórí tọrótù kó padà bọ̀ sípò. Bí ẹ̀yìn bá kọ́kọ́ yọ̀, ọkọ̀ á yí po, kò sì sí awakọ̀ púpọ̀ tó lè dá a dúró.

Ẹ fi géèjì wọn afẹ́fẹ́ táyà nígbà tó bá tutù. Ojú kò lè wọn afẹ́fẹ́ táyà.

Ọwọ́-Sítíárìn

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n fọganáísà. Ẹ rí i pé a tún padà sọ́dọ̀ awakọ̀? Táyà tirẹ̀, afẹ́fẹ́ tirẹ̀, eré tirẹ̀. Níbo ni títì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ẹnjiníà-Ojútítì

Ọwọ́-Sítíárìn, n kò bá ọ jà lórí eré. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò kan tì í lẹ́yìn pàápàá. Ní 1963, Walter Horne àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní NASA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ òfurufú, tẹ ìwádìí kan jáde lórí táyà ọkọ̀ òfurufú nínú omi. Ohun tí wọ́n rí ni pé eré tí táyà máa fi gbéra lórí omi so mọ́ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Táyà tí psi rẹ̀ (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú táyà) jẹ́ 36 máa gbéra ní nǹkan bíi 100 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí afẹ́fẹ́ bá lọ sílẹ̀ dé 25, ó ti di nǹkan bíi 83. Ìyẹn fún táyà tó ti dán, tàbí níbi tí omi ti jìn ju ilà táyà lọ. Nítorí náà, táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ lè gbéra ní eré tí òfin gbà, lójú ọ̀pọ̀ márosẹ̀.

Ẹ wá wo ohun kan tí mo sọ níbẹ̀ dáadáa: "níbi tí omi ti jìn ju ilà táyà lọ". Táyà tuntun ní mìlímítà 8. Bí omi tó rogún bá jìn tó sẹ̀ǹtímítà 2, táyà tuntun àti táyà tó ti jẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan náà. Ilà tó jìn tí awakọ̀ náwó sí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é láǹfààní mọ́. Ta ló jẹ́ kí omi jìn tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀? Kì í ṣe awakọ̀.

Ohun mìíràn tún wà. Awakọ̀ lè dín eré kù fún ohun tó bá rí. Omi tó rogún lórí ọ̀dà dúdú, ní alẹ́, tí àwọn tírélà ń fọ́n omi sókè níwájú, kò ṣeé rí. Ẹni tó ti wakọ̀ kìlómítà púpọ̀ lójú títì tó kàn tutù lásán kò ní ìdí láti rò pé kìlómítà tó kàn yàtọ̀. Títì ti kọ́ ọ pé òun dára, ó wá já a kulẹ̀ lójijì.

Bí ọkọ̀ bá já lẹ́ẹ̀kan, a lè wádìí awakọ̀. Bó bá já níbi kan náà léraléra, tí awakọ̀ yàtọ̀, tí ọkọ̀ yàtọ̀, tó sì jẹ́ lọ́jọ́ òjò nìkan, ibẹ̀ ló yẹ ká wádìí.

Ọwọ́-Sítíárìn

Ó yé mi báyìí. N kò rò ó dé ibi jíjìn omi yẹn. Mo ṣì ní kí gbogbo wa dín eré kù o.

Bàbá-Onítírélà

Ẹ jẹ́ kí n fi ti tírélà kún ìṣirò ẹnjiníà. Táyà tiwa ga ní psi, ó lè tó 100, nítorí náà tírélà tó rù kì í sábà léfòó. Tírélà òfìfo ni kí ẹ máa bẹ̀rù. Bí kò bá sí ẹrù, táyà kò tẹ ilẹ̀ dáadáa, ó sì lè yọ̀ lórí omi ní eré tí a ń sá lójoojúmọ́. Bí ẹ bá rí tírélà tó ṣófo nínú òjò, ẹ fún un ní ààyè.

Ẹ má sì máa dúró sí ẹ̀gbẹ́ wa nínú omi tí a ń fọ́n. Ẹ kọjá tàbí kí ẹ fà sẹ́yìn. A kò rí yín níbẹ̀.

Olùrànlọ́wọ́-Ojúpópó

Mo máa ń wà lára àwọn tí wọ́n máa ń pè síbi ìjàǹbá. Ohun kan wà tí ẹ kò tíì mẹ́nu kàn, òun ló sì ń dùn mí jù.

Omi tó gbé ọkọ̀ àkọ́kọ́ kò kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn ìjàǹbá. Ó ń dúró de èyí tó ń bọ̀. Ọkọ̀ kan á yí, á kọ lu irin, awakọ̀ á jáde láìfarapa rárá, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ tó ń pe ilé lórí fóònù. Ọkọ̀ kejì á dé inú omi kan náà, á yọ̀ lọ sí ibi kan náà. Ẹni tó yè nínú ti àkọ́kọ́, ti ìkejì ló ń pa á. Mo ti rí i rí, n kò fẹ́ tún rí i mọ́.

Bí ọkọ̀ yín bá já lọ́jọ́ òjò, tí ẹ sì lè rìn, ẹ tan iná tó ń ṣẹ́jú, ẹ gba ẹnu ilẹ̀kùn tó jìnnà sí ọkọ̀ tó ń bọ̀ jáde, kí gbogbo yín kọjá sí ẹ̀yìn irin ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹ wá rìn padà sí apá ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀, kí ọkọ̀ tiyín tó ti dúró lè wà níwájú yín. Bí ẹ bá dúró síwájú rẹ̀, ní apá ibi tí ọkọ̀ ń lọ, tí wọ́n bá gbá a, ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀. Ẹ má padà lọ mú àpò. Ìgbà tí ẹ bá dé ibẹ̀ ni kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.

Ìyá-Ìbejì

Ẹ ṣé o, Ọlọ́run á san án fún yín. N kò mọ ti pé ká rìn padà sẹ́yìn yẹn rárá. Mo ti kà á fún ọkọ mi.

Arìnnà-Àárọ̀

Ẹ̀yin ará, mo padà dé. Afárá kan wà tó gba orí títì náà kọjá, òjò rọ̀ lánàá, mo sì lọ dúró lórí afárá náà láti wo ìsàlẹ̀. Mo dúpẹ́ pé mo lọ. Òjò ti dá, gbogbo títì ti ń gbẹ, omi ṣì wà lórí ìlà méjì níbi tí mo wí yẹn. Gọ́tà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àmọ́ koríko àti iyẹ̀pẹ̀ ti ga ju etí títì lọ. Omi ń lọ dé ibẹ̀, ó ń padà. Mo tún rí i pé ibi tí táyà tírélà ń tẹ̀ ti jin bí poro méjì, omi sì kún inú wọn.

Ẹnjiníà-Ojútítì

O ti ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n ti ṣe. Ohun mẹ́ta lo rí, wọ́n sì ń ran ara wọn lọ́wọ́: ibi tó tẹ́, poro táyà, àti koríko tó di etí títì.

Ti koríko ló rọrùn jù. Ẹ̀rọ kan àti òṣìṣẹ́ díẹ̀ lè gé etí yẹn sílẹ̀, kí wọ́n sì kó ìdọ̀tí inú gọ́tà. Èyí kò yẹ kó dúró de ọdún mìíràn. Poro táyà ní láti dúró de ìgbà tí wọ́n bá máa ṣí ọ̀dà òkè, kí wọ́n tún un tẹ́. Ibi tó tẹ́ ló nira jù, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà: wọ́n lè la ojú títì ní fínfín láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ kí omi rí ọ̀nà gbà, tàbí kí wọ́n fi gọ́tà tóóró tó ní irin lórí dá títì kọjá níbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ tún títì náà ṣe pátápátá, wọ́n lè yí bí ìdàgẹ̀rẹ́ ṣe ń yí padà, kí ibi tó tẹ́ má lọ jókòó sójú kan.

Kọ́lá-Ọkọ̀-Tuntun

Mo kà á pé Netherlands ń fi ọ̀dà tó ń mu omi tẹ́ márosẹ̀ wọn. Ṣé ìyẹn ò ní yanjú gbogbo rẹ̀?

Ẹnjiníà-Ojútítì

Òótọ́ ni, èyí tó pọ̀ jù nínú márosẹ̀ wọn ni wọ́n fi ṣe. Ihò wà nínú ọ̀dà náà, omi á wọ inú rẹ̀, á sì gba ìsàlẹ̀ jáde sí ẹ̀gbẹ́. Omi tí tírélà ń fọ́n sókè dín kù gan-an, ariwo táyà náà dín kù. Ṣùgbọ́n ihò náà ń dí bí ọdún ti ń gorí ọdún, kì í sì í pẹ́ tó ọ̀dà lásán. Bí koríko bá sì di etí rẹ̀ bíi ti ibí yìí, omi inú rẹ̀ náà kò ní ríbi jáde sí.

Arìnnà-Àárọ̀

Mo fẹ́ kọ̀wé sí àwọn tó ń tọ́jú títì náà. Kí ni kí n kọ tí wọn ò fi ní jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́?

Ẹnjiníà-Ojútítì

Má kọ "títì yìí burú". Kọ nọ́ńbà tó wà lára òpó tí wọ́n fi ń ka kìlómítà, èyí tó sún mọ́ ibẹ̀ jù. Kọ apá tí ọkọ̀ ń lọ, ìlà tí omi wà lórí rẹ̀, wákàtí tí òjò dá, àti wákàtí tí o rí omi tó ṣì wà níbẹ̀. Fi àwòrán láti orí afárá kún un, má sọ̀ kalẹ̀ sójú títì láti yà á. Bèèrè ohun mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ìgbà tí wọ́n kó gọ́tà kẹ́yìn, ìgbà tí wọ́n máa gé etí títì, àti bóyá wọ́n ti wọn ìdàgẹ̀rẹ́ ibẹ̀ rí. Ní kí wọ́n gbé àmì omi síbẹ̀ báyìí, kí wọ́n sì dín òdiwọ̀n eré kù lọ́jọ́ òjò títí wọ́n á fi ṣe é. Bi wọ́n ní nọ́ńbà tí wọ́n fi gba ìwé náà sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò lè sọ pé àwọn kò mọ̀.

Ọwọ́-Sítíárìn

Bí o bá kọ ọ́ tán, gbé e síbí kí èmi náà kọ tèmi pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà. Ti ìwé kan kò tó.

Bàbá-Onítírélà

Bá mi fi nọ́ńbà òpó yẹn ránṣẹ́. Orí tírélà ga, kámẹ́rà sì wà níwájú rẹ̀. Bí òjò bá tún rọ̀ nígbà tí mo bá ń kọjá, màá gé fídíò ibẹ̀ jáde fún yín, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí lórí rẹ̀.